Ilé-Ìwé Ìjọ Àgùdà ní Abúlé: Bí A Ṣe Ń Tò Ó Kó Lè Dúró Nígbà Tí Wọ́n Bá Pààrọ̀ Fadá

Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọ tó wà ní abúlé ń gbà kú. Fadá tuntun dé, ara rẹ̀ yá gágá, ó kan òrùlé, ó gba tíṣà, ó tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lókè òkun, ọmọ sì ń rọ́ wá. Ọdún mẹ́fà kọjá, Bíṣọ́ọ̀bù gbé e lọ sí páríṣì (ìjọ tó wà lábẹ́ fadá kan) mìíràn. Kí táàmù méjì tó parí, owó oṣù ti di gbèsè, tíṣà méjì ti lọ, àwọn òbí tọ́wọ́ wọn tó nǹkan ti kó ọmọ wọn lọ sí ìlú. Kì í ṣe pé Fadá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò dáa. Ọrùn ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹni náà sì ti lọ. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Ààrò tiwa ni ìjọ, òbí, àti àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi. Bí a ṣe ń to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ìkòkò má baà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan la fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Irú èwo ló wà lọ́wọ́ yín?

Orúkọ ẹni mímọ́ tó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà kò tó ẹ̀rí pé ìjọ ló ni ilé-ìwé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ilé-ìwé ti ń tẹ̀lé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn nílẹ̀ Yorùbá, láti ìgbà tí àwọn Àgùdà ti dé sí Èkó láti Brazil, tí bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio sì ń kó wọn jọ gbàdúrà, kó tó di pé fadá wá ń gbé láàárín wọn ní 1868. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ, tí ìjọba ń fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àkóso wọn. Ìdí nìyí tí ilé-ìwé tí bàbá yín àgbà fi òkúta kọ́ lórí ilẹ̀ ìjọ fi lè jẹ́ ti ìjọba lónìí, tí ìjọba ń yan tíṣà síbẹ̀, tó sì ń san owó oṣù wọn. Fadá lè lọ gbàdúrà níbẹ̀. Kò lè gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí.

Irú kejì ni èyí tí páríṣì dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, tó sì ń wá owó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Irú èyí là ń bá wí. Ṣùgbọ́n tí irú àkọ́kọ́ bá wà níwọ̀n igba ìṣísẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín, tó sì ní tíṣà tó ń wá síṣẹ́ déédéé, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì àti kànga kan tí ìjọ bá gbẹ́ fún ilé-ìwé ìjọba yẹn lè wúlò fún ọmọ ju ilé-ìwé tuntun tí kò ní lè sanwó tíṣà lọ. Ibi tí tíṣà kì í ti í wá, tàbí tí ọmọ kékeré ti ń rìn gba inú igbó kọjá, ni iṣẹ́ ìjọ wà.

Ilẹ̀

Nígbà àtijọ́, baálẹ̀ á fún ìjọ nílẹ̀ pẹ̀lú obì àti àdúrà, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á dé láti Èkó pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀. Nínú àṣà wa, olórí ẹbí kò lè dá nìkan yọ̀ǹda ilẹ̀ ẹbí. Àwọn àgbà ojúlé tó kù gbọ́dọ̀ fohùn sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ẹjọ́ sì ń dá a. Nítorí náà, ẹ pe aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan jọ, kí agbẹjọ́rò kọ ìwé ẹ̀bùn, kí wọ́n fọwọ́ sí i níṣojú ara wọn, kí ẹni tí kò lè kọ̀wé tẹ̀ka. Kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé-àṣẹ ya àwòrán ilẹ̀, kó sì ri òpó mọ́ igun kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ni ti àwọn alámòójútó dúkìá dáyọ́sììsì (ẹkùn tó wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù) tí ìjọba forúkọ wọn sílẹ̀. Kì í ṣe orúkọ Fadá, kì í ṣe ti alága ìjọ. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ lílo ilẹ̀ tó wà lábúlé. Ẹ mú ìwé náà dé ibẹ̀.

Lọ́dún náà gan-an, ẹ gbin pèrègún láti òpó dé òpó. Òpó sìmẹ́ńtì ṣeé hú lóru. Pèrègún ọdún mẹ́wàá tó ti ta gbòǹgbò, gbogbo abúlé ló mọ ẹni tó gbìn ín àti ìdí tó fi gbìn ín.

Ẹ ka ọmọ kí ẹ tó ka owó

Ẹ má fi iye ọmọ tó wà ní Mísà ọjọ́ Àìkú ṣírò. Kí èèyàn méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, fi ọ̀sẹ̀ méjì yí ojúlé àti abà ká, kí wọ́n kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: ọjọ́ orí ọmọ, ibi tó ń lọ kàwé báyìí, iye ìṣẹ́jú tó ń fi rìn, àti odò tó wà lójú ọ̀nà. Kí wọ́n bá ọmọ náà rìn ní ti gidi. Àgbàlagbà tó sọ pé “kò jìnnà”, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá rìn ju ìṣẹ́jú márùnlélógójì lọ á máa tòògbé kó tó di ago mẹ́wàá. Odò tó jẹ́ kókósẹ̀ ló mu ọmọ lóṣù Kejì lè mù ún dé àyà lóṣù Kẹsàn-án, oṣù tí ilé-ìwé ń wọlé gan-an.

Ní àwọn abà kòkó Oǹdó àti Èkìtì, ẹ má gbàgbé àwọn ará Ẹ̀gbìrà, Ìgẹ̀dẹ̀ àti Tiv tó ń ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti jẹ́ Àgùdà láti ilé wá, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ wọn kàwé. Ṣùgbọ́n oko tí wọ́n gbà lè parí lóṣù Kejìlá, kí ọmọ mẹ́jọ sì bá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú-ewé ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ wọ́n sí. Ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi owó wọn ṣe òpó ìṣirò yín.

Ìṣirò tí kò parọ́

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-ìwé ọlọ́mọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ṣe àpẹẹrẹ. Kíláàsì mẹ́rin ni: jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ mẹ́rìnlélógún; ìwé kìíní àti kejì pọ̀, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n; ìkẹta àti ìkẹrin, ogún; ìkarùn-ún àti ìkẹfà, mẹ́rìnlá. Kò sí kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó kọjá ọmọ 35 sí tíṣà kan, èyí tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè là sílẹ̀. Iye owó tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Owó oṣù:
- tíṣà mẹ́rin, ọ̀gá ilé-ìwé wà lára wọn, ₦70,000 kọ̀ọ̀kan: ₦280,000
- àfikún fún ọ̀gá ilé-ìwé: ₦10,000
- olùrànlọ́wọ́ ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́: ₦35,000
- ọlọ́dẹ tó tún ń tọ́jú àyíká, iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́: ₦30,000

Ìyẹn jẹ́ ₦355,000 lóṣù. Ẹ sọ ọ́ di oṣù méjìlá, kì í ṣe mẹ́wàá: ₦4,260,000. Ìwé, ṣọ́ọ̀kì àti rẹ́jísítà, ₦180,000. Àtúnṣe ilé, ₦300,000. Ìdánwò, ₦120,000. Omi àti epo ẹ̀rọ, ₦120,000. Owó tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba àti dáyọ́sììsì, ₦60,000. Gbogbo rẹ̀ lọ́dún kan: ₦5,040,000. Tí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 84, ọmọ kan ń ná ilé-ìwé ní ₦60,000 lọ́dún, ìyẹn ₦20,000 ní táàmù kan.

Àwọn kan á sọ pé ₦70,000 pọ̀jù fún tíṣà abúlé. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà láti oṣù Keje 2024 nìyẹn, kì í ṣe owó ọlá. Láti 1891 ni Pópù Leo Kẹtàlá ti kọ̀wé sí gbogbo ayé pé owó òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó o gbọ́ bùkátà. Ìjọ tó ń wàásù èyí lórí pẹpẹ, tó wá ń san ₦20,000 fún obìnrin tó ń kọ́ ọmọ ogún ní ìwé kíkà, ń já irọ́ ara rẹ̀ láàárín ìlú. Tí owó ò bá tó sanwó tíṣà mẹ́fà, ẹ gba mẹ́rin kí ẹ sì sanwó wọn pé.

Oṣù Kẹjọ ni ibi tí ìṣirò ti máa ń wó. Ilé-ìwé wà ní ìsinmi, òbí kò sanwó, ìjọ ò fún tíṣà ní nǹkan kan. Tíṣà á dákẹ́, á lọ síbi mìíràn lóṣù náà, ẹ ò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án tí àwọn ọmọ á jókòó tí kò sẹ́ni níwájú wọn.

Kì í ṣe gbogbo òbí ló máa san. Ẹ ṣírò pé mẹ́ta nínú mẹ́rin ló máa san pé, ìyẹn ọmọ 63. Wọ́n á mú ₦3,780,000 wá. ₦1,260,000 ló kù. Àfo yìí ni kókó ọ̀rọ̀ gbogbo. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ló máa ń fẹ́ fi ẹ̀kúnwó dí i. Kí àwọn 63 tó ń san lè dí i nìkan, ẹ gbọ́dọ̀ gba ₦80,000 lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó lágbára jù nínú wọn á rí i pé ilé-ìwé ìlú kò wọ́n ju èyí lọ, wọ́n á sì lọ. Àwọn tó ń san á dín kù, ẹ ó tún fowó kún un. Bí ilé-ìwé ṣe ń gbẹ nìyẹn.

Ta ló ń dí àfo náà?

Ẹ pín in fún àwọn tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa: igbá ọrẹ kejì lọ́jọ́ Àìkú kan lóṣù, ₦40,000 nígbà méjìlá, jẹ́ ₦480,000. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lẹ́yìn odi àti àwọn tó kàwé jáde níbẹ̀, ₦480,000. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ₦300,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,260,000 gẹ́lẹ́.

Igbá ọrẹ tí ẹ bá kéde pé ti ilé-ìwé ni kò gbọdọ̀ lọ sórí ohun mìíràn. Òfin ìjọ tó jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹsẹ 1267, sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ohun tí èèyàn fi ta ọrẹ fún iṣẹ́ kan, iṣẹ́ yẹn nìkan ló wà fún. Tí ẹ bá fi ra epo jẹnẹrétọ̀ ilé Fadá lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn ìyá ìjọ á mọ̀, igbá oṣù tó tẹ̀ lé e á sì fúyẹ́.

Àwọn ọmọ ìlú lẹ́yìn odi kì í fẹ́ gbọ́ “ẹ ràn wá lọ́wọ́”. Ẹ fi orúkọ iṣẹ́ hàn wọ́n: owó oṣù Kẹjọ tíṣà kan, ₦70,000, owó ọmọ kan lọ́dún, ₦60,000. Ẹ fi àkọsílẹ̀ ìwé kíkà tí a máa mẹ́nu bà nísàlẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ iye, kì í ṣe àwòrán ọmọ tó ń sunkún. Ilé tuntun ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kọ́, kí orúkọ wọn lè wà lára ògiri. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé pé ilé kò kọ́ ọmọ níwèé rí.

Fún oko: éékà kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, mítà mẹ́ta sí mítà mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bí 440 ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ gbìn ín láàárín oṣù Kẹrin sí Ìkẹfà. Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ fi ọ̀bẹ fá gbòǹgbò àti gbogbo ibi dúdú kúrò lára ìdí rẹ̀ títí ẹ ó fi rí funfun, kí ẹ rì í sínú omi tó ń hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá péré, kí ẹ yọ ọ́. Ooru yẹn ń pa aràn àti ẹyin kòkòrò tó máa ń jẹ gbòǹgbò, tí ìjì kékeré á fi wá gbé e ṣubú. Ẹ fi ọ̀pá ti èyí tó bá ti yọ èso kí ìjì oṣù Kẹta tó dé. Tí ẹ bá rí 300 odindi èso lọ́dún kan, tí wọ́n sì rà á ní ₦2,000 lóko, ₦600,000 nìyẹn. Ìdajì rẹ̀ á bá owó ìroko, ọ̀pá àti ọkọ̀ lọ. Ọdún àkọ́kọ́ kò ní mú nǹkan kan wá, ẹ fi í sọ́kàn. Ẹ má fi ọmọ ṣe lébìrà: wákàtí kan lọ́sẹ̀, nínú àkókò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ó tó.

Àkókò tí owó àgbẹ̀ ń dé

Oṣù Kẹsàn-án ni ilé-ìwé ń béèrè owó, oṣù Kẹwàá sí Ìkejìlá ni kòkó ń dé ọjà. Ẹni tó bá lé ọmọ sílé lóṣù Kẹsàn-án ń lé e fún owó tí bàbá rẹ̀ máa ní ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Ẹ pín owó ọdún bí oko ṣe ń pín in: ₦8,000 ní ìwọlé oṣù Kẹsàn-án, ₦32,000 láàárín oṣù Kọkànlá sí Ìkejìlá, ₦10,000 ní táàmù kejì, ₦10,000 ní ìkẹta. Àròpọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ₦60,000. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ tọ́jú èyí tó wọlé lóṣù Kejìlá de oṣù Kẹjọ, nínú àkáǹtì tí ọwọ́ kò lè tètè tó.

Gbígba ohun oko dípò owó dára tí ẹ bá ṣe é pẹ̀lú ìwọ̀n. Kọ́ngò kan ṣoṣo ni kí ẹ máa lò fún gààrí, kó wà ní ọ́fíìsì; iye ọjà tó kọjá ni kí ẹ fi ṣírò rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára rìsíìtì níṣojú òbí. Epo pupa ló lérè jù. Láti oṣù Kejì sí Ìkarùn-ún ni eyín ń pọ̀ tí epo ń pọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́jà. Lẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án, owó rẹ̀ á ti gòkè. Ẹ gbà á nígbà tó pọ̀, kí ẹ tà á nígbà tó wọ́n. Omi ló ń ba epo jẹ́: kí ẹ tó gbà á, ẹ da díẹ̀ sínú ìkòkò gbígbóná, tó bá ń ta pàrà-pàrà, omi ṣì wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó mú un wá lọ sè é sí i. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì ọlọ́líítà 25 tó gbẹ, kó kún dé ọrùn kí afẹ́fẹ́ má baà rí àyè, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé.

Ẹ má fi gààrí àti epo san owó oṣù tíṣà. Ẹ tà á, kí ẹ fún un lówó rẹ̀.

Gbèsè òbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ níwájú ọmọ. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá lórí ọjọ́ tí wọ́n dá, kí katikíìsì àti ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ lọ sílé wọn nírọ̀lẹ́, kí wọ́n ṣí ìwé, kí wọ́n bi wọ́n pé: “Ìgbà wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn?” Ìdáhùn wọn ni kí wọ́n kọ sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n mú dúró níwájú àpéjọ àárọ̀ nítorí owó kì í sábà padà bọ̀ sípò, ìyá rẹ̀ náà kì í sì í dárí jì yín.

Tíṣà kan, kíláàsì méjì

Àwọn òbí á kọ́kọ́ fi í ṣe àléébù. Ó ṣeé ṣe dáadáa tí a bá mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà sí àárín pátákó láti òkè dé ilẹ̀: apá òsì fún ìwé kẹta, apá ọ̀tún fún ìkẹrin. Kí tíṣà ti kọ ìṣirò márùn-ún sí apá ọ̀tún kí agogo tó lù. Bí wọ́n bá wọlé, ìwé kẹrin á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìdúró de ẹnikẹ́ni, tíṣà á sì fi ogún ìṣẹ́jú kọ́ ìwé kẹta. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pààrọ̀. Ìṣirò àti kíka Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ báyìí. Yorùbá, ẹ̀kọ́ ìsìn, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni kí wọ́n jùmọ̀ gbọ́, kí iṣẹ́ tí wọ́n á kọ sínú ìwé wọn yàtọ̀.

Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́. Èkíní, tíṣà tó dé ní ago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí pátákó rẹ̀ wà lófìfo: kíláàsì tó ń dúró á di ọjà. Èkejì, nítorí ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ìwé girama, tíṣà á dojú kọ ìwé kẹfà, ìwé karùn-ún á sì di ìjókòó lásán.

Ẹ fi Yorùbá kọ́ àwọn kékeré. Láti 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi ilé-ìwé kan ní Mọdákẹ́kẹ́ ṣe é, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún odindi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀ lọ́wọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwọn òbí á máa béèrè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ yín. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọmọ wọn tó ń kàwé.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rèé. Ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan tí kì í ṣe tíṣà kíláàsì náà mú ọmọ ìwé kejì lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ igi, kó fún un ní ọ̀rọ̀ ọgọ́ta ní Yorùbá tí kò rí rí. Kó máa sàmì sí èyí tó bá ṣi kà. Ọmọ tó bá ṣi ju mẹ́fà lọ, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé, ọmọ ìwé kẹfà kan á sì máa jókòó tì í kàwé fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ ní táàmù tó ń bọ̀. Ọmọ mélòó ló kà á já ni ẹ̀rí tí ilé-ìwé ní. Kò sí nǹkan mìíràn tó fi iye rẹ̀ han ìlú tó báyìí.

Ní ti àwọn tíṣà fúnra wọn: èyí tó ti ìlú wá, tí kò ní yàrá tí òrùlé rẹ̀ kò jò, kì í pẹ́ lọ. Ẹ wo ọmọ abúlé tó jáde ìwé mẹ́wàá dáadáa, kí ìjọ san ìdajì owó ẹ̀kọ́ olùkọ́ni rẹ̀ títí yóò fi gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni, ní kíláàsì tí wọ́n ń ṣe nígbà ìsinmi, kó fọwọ́ sí i pé òun á ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Òrùlé, omi, ìgbọ̀nsẹ̀

Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò oṣù Kẹta àti Ìkẹrin ló ń ṣí òrùlé ilé-ìwé abúlé. Kì í ṣe páànù ló kọ́kọ́ ń já. Igi tó gbé e ló ń yọ kúrò lórí ògiri pẹ̀lú páànù lára rẹ̀. Lóṣù Kìíní, kí káfíńtà gun òkè lọ wo ibi tí igi ti bá ògiri pàdé. Ó yẹ kó rí irin tó ti inú bẹ́líìtì kọnkéré (kọnkéré tó yí orí ògiri ká) jáde, tó sì di igi náà lára. Tó bá jẹ́ ìṣó lásán ló wà níbẹ̀, kó lu ihò gba inú bẹ́líìtì, kó fi irin di í. Kó fọwọ́ kan orí ìṣó páànù ọ̀kọ̀ọ̀kan ní etí ilé: èyí tó bá mì, kó yọ ọ́, kó kan òmíràn tó ní rọ́bà lábẹ́ orí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe sínú ihò àtijọ́. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni.

Kànga gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 30 sí ṣáláńgá, kó sì wà ní apá òkè rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹnu ọ̀nà tiwọn kó má kọjú sí ti ọkùnrin, kó ní ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì láti inú àti omi. Ọmọbìnrin ìwé karùn-ún tó bá ń pa ọjọ́ mẹ́rin jẹ lóṣù, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín.

Ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ ìjọ mìíràn

Ilé-ìwé tó bá gba ọmọ Àgùdà nìkan ní abúlé kò ní rí ọmọ tó tó. Abala 38 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ẹ fi ìlà kan sínú fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé tí òbí á fi yàn: kí ọmọ òun wà nínú ẹ̀kọ́ ìsìn, tàbí kó lọ kàwé ní yàrá kejì lákòókò náà. Ẹ fara mọ́ ohun tí wọ́n bá yàn, kí ẹ sì fi bàbá Mùsùlùmí kan sínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Ọjọ́ tí ẹni burúkú bá sọ pé ẹ ń yí ọmọ padà, òun ló máa dáhùn.

Àkáǹtì, àti ọjọ́ tí Fadá ń lọ

Kí ilé-ìwé ní àkáǹtì tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti páríṣì, kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí ìwé owó rẹ̀: Fadá àti ẹnìkan tí ìgbìmọ̀ yàn. Tíṣà kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ọmọ. Òbí ń san án sí bánkì tàbí fún akápò tó ní ìwé rìsíìtì tí nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀ léra. Tí ewé kan bá bàjẹ́, kí ó wà lára ìwé pẹ̀lú ìlà lórí rẹ̀, kí wọ́n má ya á. Ní ìparí táàmù, ẹ lẹ ojú-ewé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé-ìwé: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tó kù, gbèsè tí a jẹ. Ẹ̀dà kan fún ìgbìmọ̀ ìnáwó páríṣì, ẹ̀dà kan fún akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ dáyọ́sììsì.

Kí ìwé ìfàlélọ́wọ́ kan, èyí tí Fadá tó ń lọ á fi fa iṣẹ́ lé tuntun lọ́wọ́, wà láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ má dúró de ìwé tí Bíṣọ́ọ̀bù fi ń gbé e lọ. Orúkọ gbogbo olùrànlọ́wọ́ tí Fadá ń bá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ àti oṣù tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́. Láàárín ọdún kan, kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ti bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Owó tí Fadá nìkan mọ ọ̀nà rẹ̀, ẹ má fi sínú ìṣirò ọdún. Ẹ fi ra tábìlì, ẹ fi gbẹ́ kànga, kó má jẹ́ owó oṣù ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó bá yẹ kí ẹ dá a pọ̀ mọ́ òmíràn

Tí ọmọ bá kéré sí ogójì fún ọdún méjì léra wọn, tí kíkà ojúlé sì fi hàn pé àwọn ìdílé ń ṣí lọ, ẹ má fa okùn náà títí yóò fi já. Ẹ fi jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ìwé kẹta sílẹ̀ ní abúlé, níbi tí ẹsẹ̀ kékeré lè dé, kí àwọn àgbà wọn lọ sí ilé-ìwé páríṣì tó wà nítòsí, kí ìjọ méjèèjì jùmọ̀ san owó ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ sọ fún òbí nígbà Àjíǹde, kì í ṣe lóṣù Kẹjọ. Ẹ sanwó tíṣà tó bá ń lọ títí dé òpin ọdún ìwé.

Kí rẹ́jísítà gbogbo lọ sínú àpótí irin ní ilé páríṣì, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjì. Ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ gbé àpótí náà sórí búlọ́ọ̀kù nítorí ikán. Ẹnì kan á dé lẹ́yìn ogún ọdún láti wá gba ìwé ẹ̀rí pé òun kàwé níbẹ̀, inú àpótí yẹn ni wọ́n á ti wá orúkọ rẹ̀.